Má Fi Akọ Kan Ṣe Odiwọ̀n: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nípa Krómósómù Stingray Inú Odò

Nínú àwọn odò bí Amazon, Orinoco àti Paraná ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn stingray (ẹja pẹlẹbẹ tó ní ẹ̀gún olóró nírù) ìdílé Potamotrygonidae ń gbé. Àwọn ti inú odò yìí kì í wọ òkun. Iye krómósómù wọn, ìyẹn àwọn fọ́nrán inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé àbùdá, yàtọ̀ síra gan-an, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣìnà.

Àṣìṣe tó ń dùn mí jù ni kí a ka ẹja kan ṣoṣo, kí a sì sọ iye rẹ̀ di ti gbogbo irú rẹ̀. Ẹ wo Potamotrygon falkneri: abo ní 66, akọ ní 65. Ẹni tó bá rí akọ nìkan lè rò pé òun ló kà á ṣì, tàbí pé ẹyọ kan sọnù nígbà tó ń tẹ́ sẹ́ẹ̀lì sórí gíláàsì, á wá kọ 66 sílẹ̀ kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sóhun tó sọnù níbẹ̀. Krómósómù Y, èyí tí akọ nìkan máa ń ní, ló lẹ̀ mọ́ òmíràn, tí méjì fi di ẹyọ kan. Ìkejì èyí tó lẹ̀ mọ́ Y yẹn ló ṣẹ́ kù, òun ni wọ́n wá ń pè ní X2. X1 ni X àtilẹ̀wá, èyí tí akọ àti abo jọ ní. Akọ ní X1, X2 àti Y. Abo ní X1 méjì àti X2 méjì.

Ẹlòmíràn tún máa ń rí akọ tó fi ẹyọ kan dín sí abo, á ní ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Potamotrygon wallacei, tí wọ́n ń pè ní cururu lágbègbè odò Negro, abo rẹ̀ ní 68, akọ ní 67, ṣùgbọ́n Y ni kò sí rárá níbẹ̀. Kíkà lásán kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Inú kórópọ̀n akọ ni kí ẹ lọ wò, lára sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di àtọ̀, nígbà tí àwọn krómósómù ń so pọ̀ ní méjì-méjì. Ti falkneri, mẹ́ta á so kọ́ra. Ti cururu, X kan á dá wà láìní ẹnìkejì.

Ẹ má sì sọ pé Paratrygon aiereba tó ní 90 ní àbùdá púpọ̀ ju Plesiotrygon iwamae tó ní 74 lọ. Krómósómù kan lè já sí méjì láìjẹ́ pé ohun tó wà nínú rẹ̀ lé sí i.

Tí ẹ bá ń kọ ibi tí ẹ ti mú ẹja, ẹ má kàn kọ “Paraná” síwájú rẹ̀. Sete Quedas, omi tó ń já láti orí àpáta lójú odò náà, ti dínà fún wọn tẹ́lẹ̀; lẹ́yìn tí adágún ìsédò Itaipu bò ó mọ́lẹ̀ ní 1982 ni stingray ráyè gòkè. Ẹ kọ ọ́ bóyá òkè ibẹ̀ ni tàbí ìsàlẹ̀, kí ẹ sì kọ akọ tàbí abo sí i.