Lẹ́tà Tí Mi Ò Kọ: Bí Ẹ Ṣe Máa Rí Ìtọ́jú Ìjọba Gbà L'Ékòó fún Ọmọ Tó Ní Ọ̀tísìmù

Ọdún 31 ni mo fi gún ọmọ ọlọ́mọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní Múṣín. Lọ́jọ́ kan, ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ wá, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ọmọ mi ti pé ọdún méjì, kò tíì pe màmá. Tí mo bá pè é, kì í bojú wẹ̀yìn." Ẹ̀rín ni mo rín. Mo ní, "Ṣebí ọkùnrin ni? Ọmọkùnrin máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Fọkàn balẹ̀." Ó dúpẹ́, ó pọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Mi ò rí i mọ́.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ọmọ-ọmọ tèmi pé ọdún méjì. Àkànní ni mo máa pè é níbí, oríkì rẹ̀ nìyẹn. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò kan ará ìta. Kò pe ẹnikẹ́ni. Ó ń to ìdérí ìgò mínírà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, bí ẹsẹ̀ bá sì kan ọ̀kan, igbe ni títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ọ̀rọ̀ obìnrin Múṣín yẹn padà sí mi létí lọ́jọ́ náà. Ọdún kan gbáko la fi wá ọ̀nà, èmi tí mo jẹ́ nọ́ọ̀sì. Ọ̀tísìmù ni: ọpọlọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń dàgbà lọ́nà tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sísọ àti bíbá èèyàn ṣe sì máa ń ṣòro fún un. Ọ̀nà tí a rí láti gba ìtọ́jú ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún, torí ibẹ̀ ni ìwé tí wọ́n máa bèèrè lọ́wọ́ yín ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí oyún tó pé oṣù mẹ́ta. Wọ́n á wọn ìfúnpá yín, wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ wò, wọ́n á fún yín ní oògùn ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, oògùn ibà tí à ń pè ní Fansidar bẹ̀rẹ̀: ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kí ẹ tó bímọ, kí oṣù kan wà láàrin. Ẹ gbé e mì níwájú nọ́ọ̀sì. Èyí tí mo ti rí nínú gọ́tà ẹ̀yìn ilé ìwòsàn wa kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2016 pé kí aboyún rí oníṣẹ́ ìlera ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan nígbà tí ikùn ti ga tán.

Tí ẹ bá bímọ, ẹ tọ́jú ìwé ìgbẹ̀bí bí ẹni tọ́jú owó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ohun tí dókítà kọ́kọ́ bi wá nìyí: ṣé ọmọ ké ní kété tí wọ́n bí i? Kílò mélòó ni? Ṣé ara rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́? Ọmọbìnrin mi ti sọ ìwé náà nù nígbà tí wọ́n kó kúrò ní Ìdí-Àràbà, bí a ṣe ń méfò nìyẹn. Ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ìbí pẹ̀lú lọ́wọ́ àjọ tó ń ka èèyàn. Láàrin ọjọ́ 60, ọ̀fẹ́ ni. Fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ni wọ́n máa bèèrè níbi gbogbo tí ẹ bá dé.

Ó wá ku káàdì àjẹsára. Ọjọ́ ìbí, abẹ́rẹ́ ikọ́ ife àti ti mẹ́dọ̀wú, pẹ̀lú ẹ̀kán rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10, ọ̀sẹ̀ 14. Oṣù 9, èéyi àti ibà pọ́njú. Oṣù 15, èéyi ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹ wo oṣù 15 yẹn dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa pè yín. Ọmọ ò ní padà wá sọ́dọ̀ wa àfi tí ibà bá mú un. Àárín ìgbà yẹn sí ìgbà tó máa wọlé ìwé ni àmì ọ̀tísìmù ń hàn jù, ibẹ̀ gan-an sì ni kò ti sójú tó ń wò ó. Nítorí náà, tí ẹ bá gbé ọmọ wá fún abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti oṣù 15, ẹ má ṣe gba abẹ́rẹ́ kẹ́ ẹ kàn máa lọ. Ẹ bi nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè, tí èrò bá tilẹ̀ pọ̀.

Ohun tí ẹ máa wò nìyí. Tó bá pé ọdún kan tí ẹ pe orúkọ rẹ̀, ṣé ó ń wò yín? Ní ọdún kan ààbọ̀, ṣé ó ń nàka sí nǹkan tó wù ú kí ẹ̀yin náà lè rí i: adìẹ, ọkọ̀ òfurufú, ọmọ aládùúgbò? Àkànní kì í nàka. Ó máa mú ọwọ́ mi, á gbé e lé ilẹ̀kùn fíríìjì, bí ìgbà téèyàn mú kọ́kọ́rọ́. Mo rò pé ọgbọ́n ni. Ní ọdún méjì, ṣé ó ń so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, "fún mi", "dádì lọ"? Tó bá sì ti ń sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, ẹ má ṣe fi òru kan sùn lé e. Wọ́n máa sọ fún yín pé Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ ń pò pọ̀ ló dà á lórí rú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ máa bá ọmọ yín sọ Yorùbá.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ń ka èyí tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé abẹ́rẹ́ èéyi yẹn ló fà á, ṣebí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọmọ dákẹ́. Dókítà kan ní Ìlú Ọba, Andrew Wakefield, ló gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn jáde lọ́dún 1998 nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet. Lọ́dún 2010, Lancet fagi lé e, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn dókítà ibẹ̀ sì yọ orúkọ òun náà kúrò lára wọn. Abẹ́rẹ́ kọ́ ló ń fà á. Èéyi, ní tirẹ̀, ń pa ọmọ. Mo ti rí i.

Ẹ ra ìwé olójú-ewé 40 kan. Ohun tí ẹ fojú rí ni kí ẹ kọ síbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. "Kì í gbọ́ràn" kò wúlò fún dókítà. "Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró ọ̀rá bisikíìtì láti pálọ̀": èyí wúlò gan-an. Ẹ fi fóònù ká fídíò kékeré sílẹ̀, nígbà tó ń ṣeré, nígbà tó ń jẹun, nígbà tí inú ń bí i, torí pé lọ́jọ́ tí ẹ bá dé iwájú dókítà, sísùn ni ọmọ máa sùn. Ìbéèrè 20 kan tún wà tí wọ́n ń pè ní M-CHAT, fún ọmọ oṣù 16 sí oṣù 30. Ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kò lè sọ pé ọmọ ní ọ̀tísìmù, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ́ kí nọ́ọ̀sì bíi tèmi yéé rẹ́rìn-ín.

Etí ló ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ ọpọlọ, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa máa ń pẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba, LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà, ní ẹ̀ka etí.

Lẹ́tà tí ilé ìwòsàn alábọ́dé fi ń darí yín lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ló kàn. Rẹfárà ni gbogbo wa ń pè é. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ẹ bá mi wo ọmọ yìí." Ẹ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ rẹfà wa, mo fẹ́ kí wọ́n yẹ ọmọ mi wò fún ọ̀tísìmù," kí ẹ sì na ìwé olójú-ewé 40 yẹn sí wọn. Ẹ rí i pé ọjọ́, orúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀. Tí wọ́n bá lé yín, ẹ má jà. Ẹ bèèrè mẹ́tírọ̀n. Bí ìyẹn náà kò bá dáhùn, ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní dókítà àgbà tó ń bójú tó ìlera. Mo ti rí mẹ́tírọ̀n tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n dárúkọ dókítà yẹn.

Níbo wá ni lẹ́tà ń lọ? Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Yábà ní ẹ̀ka kan ní Òṣòdì fún ọmọdé àti ọ̀dọ́. Àwọn ará Ìbàdàn lè lọ sí ilé ìwòsàn UCH, àwọn ará Abẹ́òkúta sí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Arò. Mo mọ ohun tí orúkọ Yábà ń ṣe sí èèyàn. Bàbá Àkànní kọ̀, ó ní ọmọ òun kì í ṣe wèrè, òun ò lè gbé e lọ sí Yábà Lẹ́fùtù. Oṣù mẹ́rin la fi bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó dé ibẹ̀ tó rí àwọn ìyá tó wọ aṣọ iṣẹ́ báńkì, tí ọmọ wọn ń sáré kiri bíi tiẹ̀, ara rẹ̀ rọlẹ̀.

Ẹ tètè kúrò nílé. Ẹ gbé omi, ìpápánu, ohun tí ọmọ fẹ́ràn. Àwa gbé ìdérí ìgò. Ẹ bèèrè owó káàdì àti owó ìjókòó kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè títí á fi sú yín, wọ́n á máa wo ọmọ bó ṣe ń ṣeré. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n lè yẹ̀ wò tó máa sọ pé ọ̀tísìmù ni. Ó sábà máa ń ju ìjókòó kan lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á darí yín sọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ́ ọmọ lọ́rọ̀ sísọ àti àwọn tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe nǹkan. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ ẹ̀yin náà. Tiwa kọ́ wa pé kí n jókòó sílẹ̀ kí ojú wa ṣe déédéé, kí n gbé ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi, kí n ní "omi", kí n wá dákẹ́ ka ení títí dé ẹẹ́wàá. Dídákẹ́ yẹn ló nira fún ìyá àgbà ẹlẹ́nu púpọ̀.

Kò sí oògùn tó ń wo ọ̀tísìmù. Oògùn wà fún gìrì tàbí àìsùn tó bá bá a rìn, dókítà ló máa kọ ọ́. Ẹni tó bá gbé àgbo tàbí ìgò kan wá tó ní á jẹ́ kó sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un kó jáde. Àwọn ìbátan ọkọ ọmọ mi ní ọmọ inú omi ni, ká lọ dá a lóhùn. Ẹ gbàdúrà, èmi náà ń gbà á. Ṣùgbọ́n ààwẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ní ti owó, ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú Ìlera Èkó, ètò adójútòfò ìlera ti ìpínlẹ̀, kí ẹ sì bèèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò. Fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, owó kan wà lábẹ́ òfin ìlera ọdún 2014 tó ń sanwó ìtọ́jú fún aláìní ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wọ́ọ̀dù wọn, àwọn aboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún pẹ̀lú. NIN ìyá àti ti ọmọ ni kí ẹ mú dání. Ẹ bèèrè rẹ̀, wọn kì í kéde rẹ̀.

Ilé ìwé aládàáni kan gba owó táàmù lọ́wọ́ wa, lọ́sẹ̀ kẹta wọ́n ní ká wá mú Àkànní kúrò. A sunkún, a mú un. Ohun tí a kò mọ̀ nígbà náà ni pé òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2019 ní ẹ̀tọ́ ọmọ tó ní ìpèníjà ni kó kàwé lọ́fẹ̀ẹ́ títí dé sẹ́kọ́ńdírì, àti pé Èkó ti ní òfin tirẹ̀ láti 2011. LASODA ni ọ́fíìsì tó ń mójú tó o. Ẹ lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, kí ẹ bèèrè ilé ìwé ìjọba tó sún mọ́ yín tó ní ẹ̀ka fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ti ìjọba ni Modupe Cole ní Akọka, fún ọmọ tí ìpèníjà rẹ̀ bá wúwo.

Ìyá ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ kẹfà lẹ́yìn ìbímọ, ti ìyá àtọmọ ni àyẹ̀wò yẹn, ṣùgbọ́n èmi náà jẹ̀bi, ọmọ nìkan ni mo máa ń wò. Tí ẹkún, àìsùn àti àìfẹ́ rí ẹnikẹ́ni bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì. Ọmọbìnrin mi gbà á mọ́ra fún oṣù mẹ́jọ, torí pé ìyá rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì.

Àkànní ti pé ọdún mẹ́fà. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì tó ogún, ṣùgbọ́n ó ń nàka.

Ìyá Múṣín, tí èyí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, ọmọ rẹ á ti tó ọmọ ọdún 12. Wọ́n ṣì máa gbà á ní Òṣòdì, ọmọdé àti ọ̀dọ́ ni wọ́n ń tọ́jú. Ilé ìwòsàn wa ṣì lè kọ lẹ́tà tí mi ò kọ fún ọ lọ́jọ́ yẹn. Má bínú. Lọ lọ́jọ́ Ajé, kó o tètè débẹ̀ kí èrò tó pọ̀.