Ẹ Má Tan Ọkọ̀ Náà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Epo Tí Kò Tọ́ Bá Wọ Táǹkì

Dísù tó ṣèèṣì wọ ọkọ̀ bẹntiróò kì í pa ọkọ̀. Ká fà á jáde, ká fọ táǹkì, ká pààrọ̀ fíltà, ká da epo tó tọ́ sí i, ọkọ̀ á tún máa lọ. Ohun tó ń sọ ọ́ di gbèsè ni ohun táwọn èèyàn ń ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti mọ̀ pé epo ti ṣì wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mò ń ṣe l'Ádó-Èkìtì, ó sì ti sú mi kí n máa gba owó tí kò yẹ kó jáde lápò onímọ́tò.

1. Títan ọkọ̀ "ká kàn wò ó". Èyí ló burú jù, òun náà ló sì wọ́pọ̀ jù. Ọmọ tó ń ta epo ti pariwo pé òun ti ṣì í, ẹ wá ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́ kí ẹ lè sún un kúrò lọ́nà. Àwọn tó tò sẹ́yìn ń fọn fèrè, ojú ń tì yín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa fọn ọ́n. Tó bá jẹ́ inú táǹkì nìkan ni epo náà wà, táǹkì nìkan la máa fọ̀. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní, bí ẹ bá ti yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń tàn, bí ẹ́ńjìnnì ò tiẹ̀ tíì dún, pọ́ǹpù inú táǹkì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti epo lọ síwájú. Ó di fíltà, ó di páìpù, ó di nọ́súù tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Tó bá jẹ́ dísù nínú ọkọ̀ bẹntiróò, pulọ́ọ̀gì á dọ̀tí, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, á máa rú èéfín, á sì kú. Ìyẹn ṣì ní àtúnṣe. Bẹntiróò nínú ọkọ̀ dísù ló ń já mi láyà. Dísù tí ọkọ̀ yẹn ń jó náà ló ń ṣe òróró fún irin inú pọ́ǹpù rẹ̀. Bẹntiróò ò ní òróró yẹn lára, ńṣe ló ń fọ̀ ọ́ kúrò. Irin á wá máa ha irin, èyí tó ha kúrò á bá epo lọ sí nọ́súù, á tún bá a padà sínú táǹkì.

Wọ́n gbé Hilux dísù kan wá bá wa nígbà kan. Dírẹ́bà tuntun ni, Hilux bẹntiróò ló sì ti ń wà tẹ́lẹ̀. Kò mọ̀ pé Hilux méjèèjì jọra lójú, kò sì wo ara ọmọrí táǹkì níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ó ra bẹntiróò ní Ìkẹ́rẹ́, ó wà á wá sí Adó. Ẹ́ńjìnnì ń dún kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀ lójú ọ̀nà, ó ní òun rò pé gegele ló ń fà á. Mo tú fíltà, mo da epo inú ẹ̀ sórí aṣọ funfun, mo gbé e sí oòrùn: ẹ̀há irin ń kọ yẹ̀rì lórí aṣọ náà bí ìgbà tí wọ́n bá fọ́n iyanrìn etí odò. Bàbá tó ni ọkọ̀ wò ó títí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé kò ṣeé fọ̀?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ó ti kọjá fífọ̀." Pọ́ǹpù, nọ́súù àti páìpù la pààrọ̀. Ká ní dírẹ́bà yẹn ò tan ọkọ̀ náà rárá ni, iṣẹ́ wákàtí díẹ̀ ni à bá ṣe.

2. Títì í láìronú. Òótọ́ ni, ẹ tì í, ẹ má tàn án. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Èkìtì ò tẹ́jú. Ẹ fi òkúta sẹ́yìn táyà kí ẹ tó fi jíà sí fírì, kí ẹnì kan sì jókòó sí ìdí búréèkì. Búréèkì á le ju bó ti ń rí lọ nítorí ẹ́ńjìnnì ò ṣiṣẹ́, kí onítọ̀hún tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Tí Toyota ọ̀tọ̀mátíìkì bá kọ̀ tí jíà ò kúrò ní P, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ jíà: ọmọrí kékeré kan sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ fi nǹkan tẹ ihò abẹ́ rẹ̀, jíà á bọ́ sí N.

3. Fífi epo tó dáa là á. "Ẹ kún un fún mi, á pò mọ́ra." Á pò mọ́ra lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Àwọn kan tún ní dísù wúwo, pé ó máa sùn sí ìsàlẹ̀, kí a ṣí ìdí táǹkì kó jáde, kí a fi bẹntiróò tó wà lókè sílẹ̀. Omi ló ń sùn sí ìsàlẹ̀ epo. Bẹntiróò àti dísù jọ ń pò ni, ẹ ò lè yọ ọ̀kan kúrò lára èkejì lábúlé mẹkáníìkì kankan. Gbogbo ẹ̀ ló ń jáde.

Ẹ má fi ẹnu fa epo náà. Tó bá gba ọ̀nà ọ̀fun lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọsìbítù ló kàn.

Ẹ má kàn pààrọ̀ pulọ́ọ̀gì kí ẹ ní ó ti tán.

Ọ̀rọ̀ kẹ́ẹ̀gì ló wá ń dùn mí jù. Ẹnu pọ́ǹpù dísù sábà máa ń tóbi ju ẹnu táǹkì ọkọ̀ bẹntiróò lọ, àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti fìyẹn dáàbò bò yín. Kẹ́ẹ̀gì àti àrọ ba ààbò yẹn jẹ́ pátápátá. Láti oṣù Karùn-ún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, díẹ̀díẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á, inú kẹ́ẹ̀gì ló sì ń wà nílé. Ẹ dé Ìgbẹ́mọ níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ bó ìrẹsì, ẹ dé ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́: kẹ́ẹ̀gì dísù ẹ̀rọ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróò jẹnẹrétọ̀ ń bára wọn jókòó, àwọ̀ kan náà, ìdérí kan náà. Ọmọdé ni wọ́n á ní kó lọ gbé e wá, lálẹ́, láìsí iná. Ta lẹ fẹ́ bá wí? Ẹ ya kẹ́ẹ̀gì wọn sọ́tọ̀, kí ẹ fi ọ̀dà kọ ọ́ sí i lára. Tí ẹ bá ń ṣiyèméjì, ẹ kán an sí ìka, ẹ fi àtàǹpàkò ra á. Bẹntiróò á gbẹ lójú ẹsẹ̀, á sì tutù lára. Dísù á ṣì máa yọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ọṣẹ ló máa ṣí i.

Nílé epo, PMS tí wọ́n kọ sára pọ́ǹpù ni bẹntiróò, AGO ni dísù, DPK ni kẹrosíìnì. Ẹ kà á kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé "ẹ kún un" kí ẹ máa tẹ fóònù lọ. Tí wọ́n bá ṣì í, ẹ gba rìsíìtì, ẹ bu díẹ̀ nínú epo táǹkì sínú ìgò tó mọ́, ẹ dé e pinpin, kí mánija wọn sì rí i lójú yín. Bí ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, wọ́n á ní ibòmíì lẹ ti rà á.

Èyí tó kẹ́yìn ò kan ọkọ̀ mọ́, ẹ̀mí ló kàn. Epo àdàpọ̀ tí a bá fà jáde, àwọn kan máa ń tà á tàbí kí wọ́n gbé e lọ sílé fún sítóófù àti àtùpà, nítorí pé ó jọ kẹrosíìnì. Bẹntiróò díẹ̀ nínú kẹrosíìnì tó láti jẹ́ kí àtùpà bú gbàmù sí ìyá àti ọmọ lójú. Ẹ bi mẹkáníìkì yín ibi tó ń gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kó kọ "bẹntiróò àti dísù, kò ṣeé dáná" sára kẹ́ẹ̀gì náà níṣojú yín, kí ó sì gbé e jìnnà sí iná àti sí àwọn tó ń jó irin pọ̀ kí ẹ tó sanwó iṣẹ́.