Lẹ́ẹ̀dì àbí líìdì? Bí mo ṣe tú ìwé kan nípa òjé

Ìwé pélébé kan ni wọ́n ní kí n tú láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ bátìrì mọ́tò ni wọ́n kọ ọ́ fún, ó ń kìlọ̀ fún wọn nípa májèlé tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ló kún inú rẹ̀ bámúbámú: lead. Lẹ́tà mẹ́rin péré, ohùn méjì, ìtumọ̀ tí kò bára tan.

Tí wọ́n bá pè é ní "lẹ́ẹ̀dì", òjé ni, irin rírọ̀ tó wúwo yẹn, tí àwọn olórìṣà Ọbàtálá fi ń ṣe ẹ̀gbà ọwọ́. Tó bá jẹ́ "líìdì", ọ̀rọ̀ kí á síwájú ni, kí á tọ́ni sọ́nà, tàbí kí nǹkan yọrí sí nǹkan.

Mo kọ́kọ́ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà dán an wò. Ó sọ "lead poisoning" di "májèlé aṣáájú". Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Àfi bí ẹni pé ìjòyè kan ni wọ́n fẹ́ fi májèlé pa!

Ni mo bá tẹ ìwé náà jáde, mo mú bírò pupa àti búlúù, mo ń kà á sókè: pupa fún òjé, búlúù fún èkejì. Níbi tó ti jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, kò sí wàhálà. "Lead can lead to death": lẹ́ẹ̀dì ló ṣáájú, líìdì ló tẹ̀ lé e, òjé lè yọrí sí ikú. Iṣẹ́ wà níbi tó bá dúró níwájú ọ̀rọ̀-orúkọ mìíràn. "Lead paint" ni ọ̀dà tó ní òjé nínú, ṣùgbọ́n "lead agency" ni àjọ tó ń léwájú iṣẹ́. Àyè kan náà ni wọ́n jókòó sí nínú gbólóhùn, kò sì sí òfin gírámà tó máa yà wọ́n fún ẹ. Àfi kéèyàn mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Èyí tó le jù ni "disconnect the leads". Òjé kún inú bátìrì lóòótọ́, àmọ́ waya tí wọ́n fi so ó mọ́ mọ́tò ni wọ́n ń sọ níbí, líìdì ni wọ́n sì ń pè é, torí ó ń mú iná láti ibì kan lọ síbòmíràn. Mo gbé e lọ bá ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe ríwáyà ládùúgbò wa.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń sọ fọ́mọṣẹ́ yín tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó yọ ọ́?"

"Màá ní kó tú orí bátìrì. Ta ló ń pe líìdì níbí?"

"Òjé ńkọ́?"

"Òjé kẹ̀? Lẹ́ẹ̀dì la mọ̀, àbúrò. Èyí tá a fi ń jó waya pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà làwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè é. Nítorí náà mo kọ "òjé, ìyẹn lẹ́ẹ̀dì" nígbà àkọ́kọ́, mo wá jẹ́ kí òjé máa dá rìn lẹ́yìn ìyẹn. Mo sì rí i pé àmì pé lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà kà á sí ọ̀jẹ̀, kó máa wá egúngún nínú bátìrì.

Ẹni tó gbéṣẹ́ fún mi bi mí bóyá ọ̀rọ̀ kan ló la ara ẹ̀ sí méjì. Rárá o. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, lēad ni òjé, lǣdan sì ni kí á tọ́ni sọ́nà. Ìbátan òjé ni Lot àwọn ará Jámánì. Ìbátan èkejì ni leiten wọn. Fáwẹ̀lì méjèèjì gùn tẹ́lẹ̀. Ti òjé wá kúrú, bó ṣe rí fún head, bread àti dead. Ti èkejì ò kúrú ní tiẹ̀, ó bá àwọn fáwẹ̀lì gígùn yòókù gòkè di "ii" nígbà tí ohùn Gẹ̀ẹ́sì ń yí padà láàárín nǹkan bí ọdún 1400 sí 1700. Ìkọsílẹ̀ ò bá wọn lọ. Read tún wá dá kún un: ó ń yí ohùn padà tó bá di ọ̀rọ̀ àná, lẹ́tà rẹ̀ ò yí, lọ̀pọ̀ èèyàn bá ń kọ lead níbi tó yẹ kí wọ́n kọ led, ìyẹn líìdì tó ti di ọ̀rọ̀ àná.

Àwọn ará Róòmù ń pe òjé ní plumbum. Ibẹ̀ ni Pb, àmì tí àwọn oníkẹ́mísìrì fi ń kọ òjé, ti wá, ibẹ̀ náà ni plọ́ńbà tó ń tún omi ilé wa ṣe ti jórúkọ, torí òjé ni wọ́n fi ń ṣe páìpù omi nígbà náà.

Mi ò lè sáré kọjá ojú ewé tó sọ̀rọ̀ Zamfara. Lọ́dún 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí òjé pa níbẹ̀. Wọ́n ń lọ òkúta láàárín ilé kí wọ́n lè rí wúrà inú rẹ̀; òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì bo ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. "Lead dust led to...", bí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mejì. "Eruku òjé ló fà á" ni mo kọ.

Ó wá ku "unleaded" ní ìparí ìwé, mo pè é ní epo tí kò ní òjé. Àlìgéríà ló dẹ́kun títa epo mọ́tò olójé kẹ́yìn lágbàáyé, lọ́dún 2021.