Kí lẹ máa fi de kánfáàsì bóòtù yín?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní bóòtù tó ń sùn sí jẹ́tì lójú Ọ̀sà Èkó, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ran kánfáàsì tuntun fún un, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ ohun tẹ́ ẹ máa fi dè é sílẹ̀ fún télọ̀ nìkan. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí aṣọ olówó gọbọi tó ṣì le koko, àmọ́ tí gbogbo bọ́tìnnì ẹ̀ ti dógùn-ún, tí omi ìpẹtà ti ṣàn sára bóòtù funfun, tí wọ́n wá ń fi táyà tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ kí atẹ́gùn má bàa gbé e lọ.

Ibi tí atẹ́gùn máa fa aṣọ sí lẹ máa kọ́kọ́ wò. Bọ́tìnnì àtẹ̀, èyí tí wọ́n ń lò sí jákẹ́ẹ̀tì, lágbára dáadáa tí aṣọ bá ń fà á gba ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá wọ abẹ́ aṣọ tó ń gbé e sókè tààrà, á ṣí ni, torí bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa ṣí náà nìyẹn. Torí náà ẹ jẹ́ kí aṣọ yí etí bóòtù wálẹ̀, kẹ́ ẹ wá kan bọ́tìnnì mọ́ ara ẹ̀gbẹ́ tó dúró lóòró, bí atẹ́gùn bá ń gbé aṣọ nígbà yẹn, gba ẹ̀gbẹ́ ló máa fà á. Tó bá jẹ́ pé orí dẹ́ẹ̀kì tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló pọn dandan kẹ́ ẹ kàn án sí, ẹ ra èyí tí wọ́n ń yí lórí, tàbí Lift-the-Dot, ìyẹn bọ́tìnnì tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló máa ń gbà ṣí, bó ti wù kẹ́ ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tó kù kò ní jáde.

Ọ̀rọ̀ irin ló tún kàn, ibẹ̀ gan-an lowó ń ṣòfò jù. Ẹ má jẹ́ kí omi òjò tàn yín jẹ o, ọ̀sà lè dà bí omi odò lásán nígbà òjò, àmọ́ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, iyọ̀ òkun á wọlé. Ọ̀pọ̀ bọ́tìnnì tí wọ́n ń tà fáwọn oníbàtà àti oníbáàgì jẹ́ irin tí wọ́n kàn fi nǹkan dídán bò, ẹ mú òòfà dání lọ sọ́jà, tó bá gbá a mú gírí, ẹ dá a padà. Oríṣi sténlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń pè ní 316 ni kẹ́ ẹ bèèrè, ó dáa ju oríṣi 304 lọ fún omi iyọ̀, idẹ tí wọ́n fi níkẹ́ẹ̀lì bò náà dáa. Tí bóòtù yín bá jẹ́ alumíníọ̀mù, ẹ má jẹ́ kí idẹ tàbí sténlẹ́ẹ̀sì fara kàn án láìsí nǹkan láàárín, torí omi iyọ̀ á mú kí alumíníọ̀mù máa jẹrà, súkúrúù á sì tú.

Ẹ fi bọ́tìnnì jìnnà síra bíi sẹ̀ǹtímítà 15, níbi tí atẹ́gùn ti ń kọjú sí ẹ ṣe é ní 10. Ẹ má sàmì sí gbogbo ibi tán lẹ́ẹ̀kan náà! Igun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ de, kẹ́ ẹ fa aṣọ kó le, kẹ́ ẹ wá máa sàmì síkọ̀ọ̀kan wọn bẹ́ ẹ ṣe ń lọ. Ẹ ṣẹ́ aṣọ po ní ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta níbi tí bọ́tìnnì máa wà, kẹ́ ẹ sì ra bọ́tìnnì tí ọrùn ẹ̀ bá nínípọn yẹn mu, torí ọrùn kúkúrú á já, èyí tó gùn jù á máa yí lójú ihò. Tó bá jẹ́ bóòtù oní-fáíbà ni, ẹ kọ́kọ́ fi dírìlì fẹ ẹnu ihò díẹ̀ kí ojú fáíbà má bàa sán, kẹ́ ẹ tó lu ihò súkúrúù, kẹ́ ẹ wá fi sílíkóònù dí i kómi má bàa wọ inú.

Tẹ́ ẹ bá máa lo síìpù, èyí oníke tí eyín ẹ̀ tóbi ni kẹ́ ẹ rà, ti irin kì í pẹ́ lójú iyọ̀, kẹ́ ẹ sì ran aṣọ bò ó torí oòrùn. Velcro, ìyẹn aṣọ méjì tó máa ń lẹ̀ mọ́ra, fèrèsé kékeré nìkan ló dáa fún. Tó bá jẹ́ bóòtù tẹ́ ẹ máa fi tírélà fà lọ sọ́nà jíjìn, ihò tí wọ́n fi idẹ ká lẹ́nu àti okùn tó gba abẹ́ bóòtù lèmi fara mọ́ jù, bọ́tìnnì nìkan ò lè dúró de atẹ́gùn títì, àmọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ okùn onírọ́bà tẹ́ ẹ ti fi sóòrùn tipẹ́tipẹ́.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí bọ́tìnnì, ẹ ki ìka bọ abẹ́ ẹ̀ gan-an, ẹ má fa aṣọ látòkèèrè. Ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ ṣan gbogbo ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti dé láti ojú omi, kẹ́ ẹ fi fasilíìnì díẹ̀ sórí bọ́tìnnì, kẹ́ ẹ sì fi àbẹ́là ra eyín síìpù.