Bí mo ṣe mọ̀ pé fáàsì Gallé tí mo rà kì í ṣe ti Gallé

Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí o, ẹ má bínú. Owó tí mo fi ra fáàsì gíláàsì kan ṣoṣo tó èyí tí mo fi ra mẹ́fà tó kù nílé, torí orúkọ tó wà lára ẹ̀ sì ni. Gallé ni wọ́n kọ sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kó gíláàsì aláràbarà jọ á ti mọ Émile Gallé, ará ìlú Nancy ní Faransé. Ohun tó jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ wọ̀ mí lójú ni pé kì í ṣe ọ̀dà ni wọ́n fi ya òdòdó ara ẹ̀. Gíláàsì aláwọ̀ kan lórí òmíràn ni, ìpele méjì, mẹ́ta, wọ́n á fi nǹkan bo ibi tí wọ́n fẹ́ kó kù, wọ́n á jẹ́ kí ásíìdì jẹ ìyókù lọ, òdòdó á wá yọ síta débi pé téèyàn bá dijú, á fọwọ́ mọ̀ ọ́n. Kí oòrùn wá gba ẹ̀yìn ẹ̀ wọlé, háà!

Nígbà tó dé, mo fọ̀ ọ́, mo yẹ ìdí ẹ̀ wò, mo wò ó bóyá ó sán. Ìyẹn ò le. Orúkọ yẹn náà yọ síta bí òdòdó, ni mo bá ní ojúlówó ni. Mo kàn ń tan ara mi ni, ásíìdì tó gbẹ́ òdòdó ló ń gbẹ́ orúkọ, ẹni tó bá lè ṣe ìkan á ṣe ìkejì.

Ẹ̀gbẹ́ orúkọ yẹn lọ̀rọ̀ ti wá dí mọ́ mi lọ́wọ́. Lẹ́yìn lẹ́tà tó kẹ́yìn, ibì kan wà tí kò dán bí ìyókù. Mo rò pé ìdọ̀tí ni, mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi fínígà nù ún, kò kúrò. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń yí i síbí, yí i sọ́hùn-ún, tí mò ń fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti iwájú títí ó fi sú mi. Ọjọ́ tí mo paná yàrá, tí mo gbé tọ́ọ̀ṣì lélẹ̀ kí iná ẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ fẹ́rẹ́ kọjá lára gíláàsì, ọjọ́ yẹn ni mo rí i. Wọ́n ti ha ibẹ̀! Mo fi èékánná fà á, ó jin díẹ̀, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kún ojú ẹ̀, ásíìdì kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n ha yẹn sì gba lẹ́tà mẹ́ta géérégé.

Lẹ́tà mẹ́ta, ẹ̀yin ará. Ní Ròmáníà, wọ́n máa ń ṣe fáàsì tó jọ ti Gallé, wọ́n á kọ TIP sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀, ìyẹn ni pé irú ti Gallé ni. Àwọn yẹn ò tan ẹnikẹ́ni, mi ò bá wọn jà. Ẹni tó ha TIP kúrò ni mò ń bá jà.

Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á fún mi. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ: ó ní ìràwọ̀ ló wà níbẹ̀, ó ti pa rẹ́. Lóòótọ́, nígbà tí Gallé kú ní 1904, iṣẹ́ ò dúró níbi iṣẹ́ ẹ̀, wọ́n sì fi ìràwọ̀ sí orúkọ ẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa ha ìràwọ̀ tó ń jẹ́rìí sí ọjà ẹ̀ kúrò? Mo bi í, ó dákẹ́. Mo tún bi í, ó ní ọjọ́ tí mo lè dá a padà ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo fi ń fọ TIP tí kò sí níbẹ̀ mọ́!

Ká ní mo mọ̀ ni, fọ́tò ẹ̀gbẹ́ orúkọ ni ǹ bá kọ́kọ́ bèèrè, kí iná gba ẹ̀gbẹ́ wá. Fọ́tò márùn-ún ló fi ránṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló gé síbi tí lẹ́tà é tó parí Gallé ti tán, mi ò fura. Ìbínú yẹn ló jẹ́ kí n lọ yẹ Lalique mi wò, gíláàsì Faransé míì tí mo ní, torí lẹ́yìn tí René Lalique tó ni orúkọ yẹn kú ní 1945 wọ́n yọ R kúrò níwájú orúkọ, àwọn kan sì máa ń fi R kún èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìgbà yẹn kó lè jọ ti ìgbà ayé ẹ̀. Tèmi ò ní R kankan, ọpẹ́ ni.

Fáàsì náà ṣì wà lójú fèrèsé mi, ó ṣì rẹwà, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí. Àná ni ẹni yẹn tún gbé òmíràn síta, fọ́tò ẹ̀ tún gé síbi é. Mo ti kọ̀wé béèrè ìyókù. Ó ti kà á, kò tíì fèsì.