Bẹ́ ẹ ṣe lè wọ ẹgbẹ́ tó ń ṣeré Home Guard

Ẹ̀yin ọmọ Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ wà ní UK, tí ìtàn ogun Hitler bá wù yín, ẹ wá ẹgbẹ́ tó ń ṣe bíi Home Guard, àwọn ọkùnrin ọmọ ọdún 17 sí 65 tí Anthony Eden, mínísítà ogun ìjọba Britain nígbà yẹn, pè lórí rédíò ní May 14, 1940 pé kí wọ́n wá ṣọ́ ìlú. Ẹ kọ́kọ́ lọ wòran wọn, kẹ́ ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má tíì ra yúnifọ́ọ̀mù o! Ẹ yá tiwọn ná, torí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, aṣọ ilé lọ̀pọ̀ àwọn Home Guard gidi wọ̀, wọ́n kàn so báǹdì LDV (Local Defence Volunteers, orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́) mọ́ apá, ìyẹn ló wù mí jù, èèyàn bíi tiwa ni wọ́n, wọ́n á tibi iṣẹ́ dé wọ́n á tún lọ ṣọ́ òru bíi fijilanté Ọ̀bà-Ilé. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣeré, ẹ bọ́ aago ìgbàlódé, ẹ fi fóònù pamọ́. Ìbọn ńkọ́? Ẹ fi sílẹ̀ fáwọn tó ní láíséǹsì.