Bí Ẹ Ṣe Máa Fi Ọwọ́ Kọ Bọ́ọ̀dù Tó Máa Lé Èèyàn Jáde Lọ Dìbò

Ní ìdìbò ààrẹ 2023, àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà lé ní mílíọ̀nù 93, ìbò tí wọ́n dì lọ́jọ́ náà ò pé mílíọ̀nù 25, bẹ́ẹ̀ flex ò wọ́n nígbà yẹn o, gbogbo òpó iná, gbogbo ẹ̀gbẹ́ títì, ojú olóṣèlú ló ń rẹ́rìn-ín síni. Ojú wa ti mọ́ flex débi pé a ò rí i mọ́. Àmọ́ bọ́ọ̀dù tí sáìn-ráítà fọwọ́ kọ síwájú ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa dúró kà á, torí ẹ mọ̀ pé èèyàn kan ló jókòó ti iṣẹ́ yẹn. Òun la fẹ́ lò. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ átíìsì, ẹ ṣáà ní sùúrù, kẹ́ ẹ sì mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ kẹ́ ẹ tó ti búrọ́ṣì bọ pénǹtì.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ gan-an ló le, lẹ́tà ò le tó o. "Ìbò rẹ ni agbára rẹ" ti sú àwọn èèyàn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó dìde lọ síbì kan. Ẹ kọ nǹkan téèyàn lè ṣe lónìí: LỌ GBA PVC RẸ, Ọ̀FẸ́ NI. Tàbí: ṢÉ O TI PÉ ỌDÚN 18? LỌ FORÚKỌ SÍLẸ̀. Tó bá jẹ́ àdúgbò tí wọ́n ti máa ń pín owó lẹ́bàá ibi ìdìbò ni, ẹ ya ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣófo, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ỌBẸ̀ ALẸ́ KAN, ÌYÀ ỌDÚN 4. Gbogbo wa la ti gbọ́ "dìbò kóo sebẹ̀", kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé ìkòkò yẹn fún. Ẹ má jẹ́ kó gùn jù, ẹni tó wà lẹ́yìn ọ̀kadà ò ráyè ka lẹ́tà ìfẹ́.

Ó wá kan irinṣẹ́. Tó bá jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù lẹ máa gbé e sí, kádíbọ́ọ̀dù àti màkà ti tó, kódà ẹ̀yìn páálí Indomie náà ń ṣiṣẹ́. Ti ìta ló fẹ́ plywood. Ẹ fi emulsion kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá fi gloss kọ̀wé sórí rẹ̀, torí gloss ló ń fara da òjò (omi ò lè fọ̀ ọ́ kúrò lára búrọ́ṣì o, kẹrosínì lẹ máa lò). Búrọ́ṣì pẹlẹbẹ tí irun rẹ̀ rọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, èyí tí wọ́n fi ń kun ògiri ti nípọn jù.

Ẹ má tíì kọ nǹkan kan o, ẹ fa ìlà ná. Ẹ mú òwú tó nípọn díẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì pa á lára látòkè délẹ̀, ẹnì kan á di etí kan mú, ẹnì kejì á di etí kejì, ẹ fà á kó le, kẹ́ ẹ wá fi ìka méjì gbé àárín rẹ̀ sókè kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀, pá! Ìlà tó gún régé ti bọ́ sórí bọ́ọ̀dù nìyẹn. Tí pénǹtì bá gbẹ tán, àkísà gbígbẹ lẹ máa fi nu ṣọ́ọ̀kì kúrò. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó kun pénǹtì kankan, ẹ ka iye lẹ́tà tó wà nínú ọ̀rọ̀ yín, kẹ́ ẹ sì bẹ̀rẹ̀ síí fi ṣọ́ọ̀kì ṣètò rẹ̀ láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, torí ẹ̀yin náà ti rí bọ́ọ̀dù tó bẹ̀rẹ̀ gbàgàdà lápá òsì tí lẹ́tà tó gbẹ̀yìn wá há mọ́ etí tíín-tín bí ẹni tó wà ní ìdúró lẹ́nu ọ̀nà mólúè. Tó bá dọ̀rọ̀ gíga, lẹ́tà tó ga ní ínǹṣì 1, ẹni tó wà ní ẹsẹ̀ bàtà 10 máa kà á láìfún ojú pọ̀, tí títì tẹ́ ẹ fẹ́ kó kọjá bá tó ẹsẹ̀ bàtà 40, kó ga tó ínǹṣì 4.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kùnà ni àmì. Wọ́n á kọ lẹ́tà kún bọ́ọ̀dù tán, kò ní sáyè fún àmì mọ́, wọ́n á ní ẹ jẹ́ ó lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo MA TA IBO RE. Bá a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí WhatsApp, "ma" yẹn lè jẹ́ má, ó sì lè jẹ́ máa, ẹni tó ń wá owó ọjọ́ ìdìbò á ka èyí tó bá a lára mu, ẹ̀yin lẹ wá ní kó máa tà á nìyẹn. Nítorí náà ìlà mẹ́rin ni kẹ́ ẹ fà fún ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, méjì fún lẹ́tà fúnra rẹ̀, ọ̀kan lókè fún àmì ohùn, ọ̀kan nísàlẹ̀ fún tàbẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Tí lẹ́tà bá ga ní ínǹṣì 6, ẹ fi ínǹṣì 2 sílẹ̀ lókè àti ínǹṣì 1 sísàlẹ̀. Búrọ́ṣì ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi fa àmì ohùn, látòkè wá sísàlẹ̀, kó má fara kan lẹ́tà, kó sì nípọn tó lẹ́tà, torí àmì tó tín-ín-rín kì í hàn lókèèrè.

Ẹ wá ṣọ́ra pẹ̀lú àwòrán. Ẹ lè fẹ́ ya màmá arúgbó kan tó wà lórí ìlà, kẹ́ ẹ ní kẹ́ ẹ yọ́nú sí i kẹ́ ẹ fún un ní agbòòrùn nítorí oòrùn, ó parí, PDP lẹ ń polongo nìyẹn. Ẹ ya ẹni tó ń gbálẹ̀ ìlú, APC ti dé. Kódà fìlà, ẹ rọra ya fìlà, tí iṣẹ́ ara rẹ̀ bá ti fẹ́ jọ ẹ̀wọ̀n tó já, àwọn èèyàn á dárúkọ ẹni tó ni ín fún yín. Àmì ìka àtàǹpàkò ni kò ní ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì ya roboto tó gùn díẹ̀, ẹ ya ìlà kékeré tó tẹ̀ sáàárín, kẹ́ ẹ wá máa fi òmíràn yí i ká títí ẹ ó fi dé etí, ẹ jẹ́ kí àwọn ìlà náà já níbì kan tàbí méjì, torí tó bá pé jù, á dà bíi ìgbín. Lábẹ́ ìka yẹn ẹ lè kọ́ èèyàn níṣẹ́ tó wúlò: ÀPÓTÍ KAN ṢOṢO NI KÓ O TẸ̀. Ìbò ààrẹ tí wọ́n fagi lé ní 2023 jẹ́ 939,278, ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà.

Ní ti kọ́lọ̀, dúdú lórí yẹ́lò ni mo fẹ́ràn jù, ojú ará Èkó ti mọ̀ ọ́n látara dánfó, ó sì ń hàn kedere láti ọ̀nà jíjìn. Tẹ́ ẹ bá wà l'Ábẹ́òkúta, ẹ bá àwọn aládìrẹ sọ̀rọ̀, wọ́n lè gé lẹ́tà sára páànù kí wọ́n sì fi ẹ̀kọ lu ọ̀rọ̀ yín sára aṣọ, aṣọ tí màmá kan ró lọ sọ́jà á ju bọ́ọ̀dù kan lọ.

Ibi tẹ́ ẹ máa gbé e sí: ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ògiri. Ẹ má lọ lẹ nǹkan mọ́ afárá l'Ékòó, LASAA, àjọ tó ń bójú tó bọ́ọ̀dù ìpolówó níbẹ̀, ò ní bá yín ṣeré. Ibi tí èèyàn ti máa ń dúró ló dáa, ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, ọ̀dọ̀ bábà, ẹ̀gbẹ́ ìyá alákàrà, ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Òfin ìdìbò sọ pé kò gbọdọ̀ sí ìpolongo láàárín mítà 300 sí ibi ìdìbò lọ́jọ́ ìbò, ẹ̀yin ò polongo ẹnikẹ́ni lóòótọ́, àmọ́ ẹ tètè kó tiyín kúrò níbẹ̀ kí ọlọ́pàá má baà máa bi yín ní ìbéèrè.

Ọ̀kan kù. Ẹ má fi gloss kọ ọjọ́ ìdìbò o. Lọ́dún 2019, òru mọ́jú February 16 ni INEC sún ti ààrẹ sí February 23, ní 2023 wọ́n tún sún ti gómìnà láti March 11 sí March 18. Ẹ fi pénǹtì dúdú tí wọ́n ń lò fún bọ́ọ̀dù kíláàsì kun igun kan nísàlẹ̀, kẹ́ ẹ máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọjọ́ síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì so ṣọ́ọ̀kì kan mọ́ ọn pẹ̀lú okùn.